Ìhà Ọ̀tún Igi Ìbọn

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ìbọn Eelis, bàbá mi àgbà,
wọ inú igbó tí ń bẹ lẹ́yìn Kuusamo.
Ìbọn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ ọ́
kò ro irú mi mọ́ ọn.
Ìka òsì mi lórí ìfà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi lára igi,
irin tí ń kó ọta wọlé wà lápá kejì
bí ìkọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn sí ìta yàrá.

Bí mo bá yìn ín tán, ọwọ́ òsì á fi ìfà sílẹ̀,
á gun orí ìbọn kọjá bí ewúrẹ́ tó ń fo ọgbà,
á fa irin, á tì í, á tún sáré padà sípò.
Èèpo ọta gbígbóná á fò kọjá níwájú imú mi.
Lọ́dún tó kọjá, akọ àgbọ̀nrín ńlá kan,
ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ,
dúró wò mí títí mo fi ṣe gbogbo wàhálà yẹn tán,
ó wá rọra rìn wọ inú kùrukùru òwúrọ̀
bí ẹni tí ojú ń tì nítorí tèmi.

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Tauno Määttä.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rùn fún òróró ìbọn àti kọfí àárọ̀.
Mo ní, "Ìbọn ọlọ́wọ́ òsì ni mo fẹ́.
Gba ti àgbà yìí, kí n fowó lé e."
Kò dáhùn. Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì,
kí n fi àtàǹpàkò àti ìka ṣe ihò kékeré,
kí n ti inú rẹ̀ wo aago ara ògiri.
Ó ní kí n di ojú òsì: aago sá lọ.
Kí n di ọ̀tún: aago dúró, ó ń ka ìṣẹ́jú.
"Ojú ní ń yìnbọn," ni Tauno wí,
"ọwọ́ kàn ń bá a gbé ẹrù ni.
Ojú òsì rẹ ni ọ̀gá. Má bá a jà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bá ọwọ́ rẹ̀ jà rí.
Nílé ìwé, olùkọ́ Hilkka so ìbọ̀wọ́ irun àgùntàn
mọ́ ọwọ́ yìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́,
kí gègé lè kọ́ láti gbé lápá kejì.
Ó kọ́ ọ. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé títí dòní,
lẹ́tà mi ń wọ́sẹ̀ bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀.
Òsì kì í ṣe òṣì, mo mọ̀;
àmì abẹ́ lẹ́tà kan ló là wọ́n láàárín.
Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ọdún méje léèrè
bóyá ó rí àmì náà.

Tauno gbé ìbọn kan sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ,
ọ̀kan ṣoṣo tó ní. Ó fi igba yúrò
wọ́n ju ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún lọ.
Mo gbé e lé èjìká. Irin wà lọ́dọ̀ mi.
Mo fà á. Ó wá bí ẹni tí a pè lórúkọ.

Nígbà náà ló yí ìbọn Eelis sábẹ́ iná
láti díye lé e. Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Ta ló ń lo èyí kí ó tó kàn ọ́?"
"Eelis nìkan. Ogójì ọdún."
"Ọlọ́wọ́ ọ̀tún?"
"Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń bọ àlùfáà lọ́wọ́."
Tauno fi ìka tẹ ìhà ọ̀tún igi ìbọn,
níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìkan lè dé:
ọ̀dà ti bó, igi ti jin bí àwo kékeré,
ó ń dán bí ìdí ṣíbí àtijọ́.
"Ọdún mẹ́ta kò lè gbẹ́ ibí yìí," ni ó wí.

Ilé kún fún wa, a kò sì mọ̀.
Inú igbó nìkan, níbi tí olùkọ́ kò sí,
ni bàbá yẹn ti ń lo ojú ara rẹ̀.

Mo san gbogbo owó. Mo gbé méjèèjì lọ sílé.
Lánàá mo dán tuntun wò létí adágún,
páálí lára kùkùté igi.
Mo yìn ín. Ọwọ́ òsì mi gun orí rẹ̀ kọjá,
ó ń wá irin lápá ọ̀tún,
níbi tí kò sí nǹkan mọ́
àfi òtútù.